Títún Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Ọkọ̀ Ṣe Nílé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ń Wakọ̀ ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹni tí ó bá ń wakọ̀ láàárín Ìlọrin àti Ọ̀fà, tàbí tí ó ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá sí Òmù-Àrán, mọ ohun méjì tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bá jà: ooru oṣù kẹta àti eruku pupa ẹ̀bá ọ̀nà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ tún ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì òun ń gbà fa afẹ́fẹ́ ṣe, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn án ni fílítà olókòtó, aláwọ̀ pupa tàbí búlúù, tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu hóòsì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ odindi àpótí tí ọkọ̀ bá wá láti ilé-iṣẹ́ dànù. N kò gbà pé èyí yẹ ilẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí àpótí yẹn àti fílítà oníbébà inú rẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà. Ibi tí àpótí náà ti ń rí afẹ́fẹ́ fà, àti gbogbo ojú ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà yọ́ wọlé láìla inú fílítà kọjá, ni kí ẹ ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ìdí àkọ́kọ́ ni ooru. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù nílò nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ fún gíráàmù epo kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà ni ó sì ṣe pàtàkì, kì í ṣe àyè tí ó gbà. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan máa ń wọn nǹkan bíi kílò 1.18 bí ìwọ̀n ooru rẹ̀ bá jẹ́ 25°C. Bí ooru náà bá gòkè dé 60°C, nǹkan bíi kílò 1.06 ni yóò kù nínú àpótí kan náà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ti lọ, láìsí pé ohunkóhun dí. Fílítà olókòtó tí ó dá dúró lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ tí rédíétọ̀ àti páìpù èéfín ti mú gbóná ni yóò máa fà, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ìdí kejì ni eruku. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku lẹ́búlẹ́bú wá láti apá àríwá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Èyí á wá pàdé eruku ilẹ̀ pupa tiwa lórí àwọn ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Iyanrìn wíwẹ́ tí ó wà nínú eruku bẹ́ẹ̀ le ju irin ara sìlíńdà lọ, ìyẹn ihò inú ẹ́ńjìnnì tí písítìnnì ti ń lọ sókè sódò. Bí ó bá rí ọ̀nà wọlé, yóò máa ha ògiri sìlíńdà àti ríìngì písítìnnì díẹ̀díẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ óìlì, tí yóò sì máa tú èéfín búlúù. Kò sí agbára tí a lè rí láti inú fílítà tí ojú rẹ̀ ṣí jù tí ó tó owó tí a ó fi ṣe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀.

Kí n tó dé orí irinṣẹ́, ó yẹ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ yìí kò lè ṣe. Kò ní sọ ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 di 2.4, kò sì ní dín owó epo kù lọ́nà tí ẹ ó fi rí i nínú àpò yín. Nígbà tí a bá ń rọra wakọ̀ nínú ìlú, ilẹ̀kùn kékeré inú tírọ́tù, èyí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń darí, ni ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró jù lọ, kì í ṣe fílítà. Lọ́dún 2009, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dí fílítà àwọn ọkọ̀ kan láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, Toyota Camry 2003, irú èyí tí àwọn ará wa ń pè ní Big Daddy, sì wà lára wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé epo tí ọkọ̀ ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń dín epo kù bí afẹ́fẹ́ bá dín kù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà á máa lọ́ra láti mú eré. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó ti mọ àǹfààní iṣẹ́ yìí ni ìgbà tí ẹ bá tẹ epo mọ́lẹ̀ láti kọjá tírélà tàbí láti gun òkè, àti nínú iye ọdún tí ẹ́ńjìnnì yóò fi dúró.

Ohun tí ẹ ó pèsè

Ẹ nílò sípánà nọ́ńbà 10, sukurudíráfà tí wọ́n ń pè ní sítáà, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun tí ó mọ́, fílítà tuntun tí ó jẹ́ ti irú ọkọ̀ yín gan-an, àti agolo ẹ̀rọ̀ ìfọ́n tí wọ́n ṣe ní pàtó fún fífọ sẹ́ńsọ̀ MAF, ìyẹn ohun kékeré tí ń ka iye afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Fún iṣẹ́ afẹ́fẹ́ tútù, ẹ wá hóòsì títẹ̀ tí ihò rẹ̀ tó íǹṣì 2.5 sí 3, kílíìpù onísukúrù méjì tàbí mẹ́ta, nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ tóbi ju ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ, àti pálí alumíníọ̀mù kan, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe fèrèsé máa ń ní àjẹkù rẹ̀ ní ìsọ̀ wọn. Ẹ ó rí èyí tí ó pọ̀ nínú wọn rà ní àwọn ìsọ̀ páàtì ọkọ̀ ní Ìlọrin. Ohun tí ó gbẹ̀yìn ni ELM327, ẹ̀rọ kékeré tí ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí ó sì ń fi í hàn lórí fóònù. Ẹ má ṣe fò ó, nítorí òun ni yóò sọ fún yín bóyá iṣẹ́ yín ṣe rere tàbí ó ba nǹkan jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tí ó wà nílẹ̀

Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ojú ibi tí a ń ki ELM327 bọ̀, ó sì sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nítòsí orúnkún awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ sínú ìwé. Èkíní ni ooru afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, èyí tí fóònù yóò pè ní Intake Air Temp, pẹ̀lú ooru ìta ní àkókò kan náà. Èkejì ni iye afẹ́fẹ́ tí MAF ń kà bí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́jẹ́. Fún ẹ́ńjìnnì 1.8, ó máa ń wà ní nǹkan bíi gíráàmù 2 sí 3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ń jẹ́ Long Term Fuel Trim, ìyẹn àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ń ṣe sí epo kí ó lè bá afẹ́fẹ́ mu. Bí ó bá wà láàárín −10 àti +10, kò burú. Bí ó bá kọjá +10, tàbí bí àmì àṣìṣe P0171 bá ti wà níbẹ̀, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò kà ń wọlé níbì kan, tàbí sẹ́ńsọ̀ náà ti dọ̀tí, tàbí epo kò dé bó ti yẹ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣe tán fún àtúnṣe kankan. Àìsàn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wakọ̀ gba ọ̀nà kan tí ẹ lè padà gbà lọ́jọ́ mìíràn, ní ọ̀sán, kí ẹnì kejì sì bá yín wo fóònù. Ẹ kọ ooru afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ẹ tún kọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré geere.

Ẹ tú àpótí, kí ẹ sì wá ibi tí eruku ń gbà

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì wáyà ara MAF nípa títẹ ahọ́n rẹ̀. Ẹ má ṣe fa wáyà náà. Ẹ tú kílíìpù tí ó de hóòsì rọ́bà mọ́ ọrùn àpótí, kí ẹ ṣí àwọn ìkọ́ ìdérí, kí ẹ sì rọra gbé fílítà jáde láìjẹ́ kí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìdọ̀tí orí rẹ̀ má baà dà sí apá mímọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ẹ mú aṣọ funfun, kí ẹ nu inú ìdérí àpótí àti inú hóòsì rọ́bà tí ó lọ sí tírọ́tù. Gbogbo ibi wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń dé lẹ́yìn tí ó bá ti la fílítà kọjá, nítorí náà kò yẹ kí erùpẹ̀ kankan wà níbẹ̀. Bí aṣọ náà bá yọ pupa, eruku ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì yín, kò sì sí bí ẹ ṣe lè gbàgbé èyí kí ẹ máa wá ọ̀nà afẹ́fẹ́ tútù.

Ibi tí ó ń gbà kò pọ̀, ẹ sì lè wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé fílítà náà kì í ṣe ti ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọ inú àpótí tipátipá, tí igun rẹ̀ kan sì ṣẹ́rí. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà etí rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn ìkọ́ ìdérí lè ti kán, tí ẹnì kan sì ti fi rọ́bà túbù dè é. Ìdè bẹ́ẹ̀ kì í tẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀ bákan náà. Ẹ fọwọ́ tẹ hóòsì rọ́bà kí ẹ sì na àwọn ìkákò rẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, nítorí ìsàlẹ̀ ìkákò, níbi tí ojú kì í dé, ni ó sábà máa ń ya. Ẹ tún wo hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti orí ẹ́ńjìnnì wá wọ inú hóòsì ńlá, bóyá ó ti jábọ́ tàbí ó ti rọ̀. Ní ti ọkọ̀ tí ó bá ti pẹ́ lórí ìdúró, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí dáadáa: ekúté fẹ́ràn ibẹ̀ láti kọ́ ìtẹ́, ó sì máa ń jẹ bébà fílítà.

Fífọ̀

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ìsàlẹ̀ àpótí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Fílítà tí ó ti dọ̀tí, ẹ pa á tì, kí ẹ sì lo tuntun. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni láti gbé fílítà lọ bá fọkanáísà kí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ yẹn máa ń ya bébà náà ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, eruku a sì gba ibẹ̀ kọjá. Gbígbọ̀n ọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́ nìkan ni mo lè fọwọ́ sí, ìyẹn sì jẹ́ fún ọjọ́ tí tuntun kò tíì sí nítòsí.

MAF ní wáyà tín-ín-rín kan tí iná máa ń mú gbóná, bí afẹ́fẹ́ tí ń kọjá ṣe ń mú un tutù sí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tí ó wọlé. Ẹ tú àwọn sukúrù rẹ̀, kí ẹ fọ́n ẹ̀rọ̀ ìfọ́n rẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e síbì kan kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe fi aṣọ nù ún, ẹ má sì ṣe fi pẹtiróòlù tàbí ẹ̀rọ̀ ìfọ́n kabúrétọ̀ fọ̀ ọ́. Òróró tí wọ́n ń fi pa fílítà aláṣọ máa ń fò lẹ̀ mọ́ wáyà yìí bí ó bá pọ̀ jù, èyí sì jẹ́ ìdí mìíràn tí mo fi ń yan fílítà oníbébà.

Dídí ojú ihò

Hóòsì rọ́bà tí ó ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Téèpù kò lè gbé ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nínú ooru abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù lásán dí inú ibi tí ó wà lẹ́yìn fílítà: èérún rẹ̀ lè já wọ inú ẹ́ńjìnnì, òórùn rẹ̀ bí ó ti ń gbẹ sì lè ba sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí ó wà lára páìpù èéfín jẹ́. Láti mọ̀ bóyá ìdérí ń tẹ fílítà mọ́lẹ̀ yípo, ẹ fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa etí ìdérí náà, kí ẹ dé e, kí ẹ sì tún ṣí i. Gíríìsì yóò ti fi àmì sára rọ́bà fílítà, ibi tí àmì bá ti já ni afẹ́fẹ́ ti ń gbà. Ẹ nu gíríìsì náà kúrò, kí ẹ ṣe àtúnṣe ìkọ́ tí ó wà ní ìhà ibẹ̀, kí ẹ sì tún un dán wò.

Ihò kékeré kan sábà máa ń wà ní ìdí àpótí, ní apá tí fílítà kò tíì sẹ́. Omi òjò ni wọ́n dá a sí fún, kí ó lè jò dànù. Ẹ má ṣe dí i.

Gbígbé afẹ́fẹ́ tútù wá

Ẹ tọ ipasẹ̀ ẹnu àpótí síwájú, kí ẹ mọ ibi tí ó lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ike pẹlẹbẹ kan ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ wá láti òkè rédíétọ̀ lẹ́yìn gírììlì, tàbí láti inú ihò ẹ̀yìn iná iwájú. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti forí sọ nǹkan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n dé. Nígbà tí wọ́n bá sì ń to iwájú ọkọ̀ náà padà, ike yìí máa ń wà lára ohun tí wọn kì í dá padà, nítorí ọkọ̀ á máa rìn láìsí i. Àpótí á wá dorí kọ inú ooru ẹ́ńjìnnì. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ike náà rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta àlòkù páàtì. Lójú tèmi, kò sí àtúnṣe kan nínú ìtọ́sọ́nà yìí tí èrè rẹ̀ tó ti èyí, ó sì lè jẹ́ pé ẹ kò ní nílò hóòsì mọ́.

Bí ike kò bá ṣeé rí, tàbí bí ẹnu rẹ̀ kò bá dé ibi tí afẹ́fẹ́ ìta wà, ẹ fi hóòsì títẹ̀ yẹn gùn ún. Ẹ so ìdí kan mọ́ ẹnu àpótí pẹ̀lú kílíìpù, kí ẹ sì mú ìdí kejì lọ sẹ́yìn gírììlì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó lọ tààrà bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ó má ṣe bo ojú rédíétọ̀ tàbí ti kọ́ńdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù, kí ó má sì súnmọ́ fáànù, bẹ́líìtì tàbí páìpù èéfín. Ẹ dè é mọ́ ara ọkọ̀ níbi méjì, nítorí hóòsì tí ń mì yóò ha títí yóò fi lu. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ẹnu rẹ̀ nítorí ewé, ọ̀rá àti kòkòrò; nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò dára, nítorí eruku ọyẹ́ yóò dí i kíákíá. Ní ibi tí hóòsì bá ti rẹlẹ̀ jù, ẹ lu ihò kékeré tí kò ju mílímítà 5 lọ kí omi lè jáde.

Gíga ẹnu hóòsì yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ. Àwọn kan máa ń mú un sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ bọ́ńpà nítorí pé ibẹ̀ tutù jù. Ní ìlú tí odò Àsà máa ń kún, tí gọ́tà sì máa ń bo títì lẹ́yìn òjò ńlá, èyí léwu gidigidi. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí sìlíńdà bá mu ún, apá irin tí ó gbé písítìnnì ni yóò tẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu náà rẹlẹ̀ ju iná iwájú lọ.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àpótí òfìfo tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí ó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ariwo. Yíyọ rẹ̀ yóò fi kún ohùn ọkọ̀, kò ní fi kún agbára rẹ̀ lọ́nà tí ẹ ó fi mọ̀. Èkejì ni ọrùn tí MAF wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti mọ bí ọrùn yẹn ṣe fẹ̀ tó. Bí ẹ bá fi páìpù tí ó fẹ̀ jù rọ́pò rẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò máa rọra kọjá lára sẹ́ńsọ̀, kọ̀ǹpútà yóò rò pé afẹ́fẹ́ kéré, yóò sì fún ẹ́ńjìnnì ní epo tí kò tó.

Ìdábòòbò kúrò lọ́wọ́ ooru

Ẹ gé pálí alumíníọ̀mù kí ó lè dúró láàárín àpótí àti ẹ́ńjìnnì, kí ó jìnnà sí àpótí ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kí afẹ́fẹ́ lè kọjá láàárín wọn. Ẹ la hóòsì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí méjì lóòró, kí ẹ fi bo gbogbo etí pálí náà kí ó má baà gé wáyà. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fílítà gan-an. Alumíníọ̀mù sì ń gbé iná. Ẹ rí i dájú pé kò sí bí ó ṣe lè mì tí yóò fi kan orí bátìrì, kí ẹ sì fi ìdérí rọ́bà bo orí tí ó ní àmì +.

Dídá a padà àti dídán an wò

Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ sì ki pọ́lọ́ọ̀gì MAF bọ̀ títí yóò fi dún. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, iná check engine yóò tàn pẹ̀lú P0102 tàbí P0113. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́jẹ́ títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìró súù súù lẹ́bàá hóòsì. Ẹ tún wọn nǹkan mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì tún gba ọ̀nà ọjọ́sí ní àkókò kan náà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ooru afẹ́fẹ́ yóò ṣì gòkè, kò sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ń wò ni bí ó ṣe yára sọ̀ kalẹ̀ tó nígbà tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré, àti bí ó ṣe súnmọ́ ooru ìta tó. Bí ó bá wà láàárín 5°C sí 10°C sí ti ìta lórí eré, iṣẹ́ yín dára. Bí fuel trim bá sún kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ sókè, nǹkan kan ń jò. Ẹ padà sídìí hóòsì.

Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 500, ẹ tún fi aṣọ funfun nu inú hóòsì lẹ́yìn fílítà. Kò yẹ kí ó yọ pupa mọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa ṣí àpótí wò lóṣooṣù, pàápàá bí ẹ bá ń gba ọ̀nà oko ní Ìfẹ́lódùn tàbí Ìrẹ́pọ̀dùn, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò bá là á kọjá mọ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ewé kúrò lójú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò omi wò bóyá ó ṣí. Bí ọkọ̀ bá sì kú sínú ọ̀gbàrá, ẹ má ṣe tún un sítáàtì. Ẹ tì í jáde, kí ẹ ṣí àpótí. Bí fílítà bá ti rin, ẹ pe mẹkáníìkì kí ó yọ àwọn pọ́lọ́ọ̀gì iná kí omi lè jáde kúrò nínú sìlíńdà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.